Ta Ló Ni Kòkó Yẹn?

Ẹsẹ̀ ni ìyá náà fi ń yí kòkó. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin kòkó tó sá sóòrùn, kòkó sì ń là sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn rẹ̀ bí omi ṣe ń là lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn níwájú ilé wa ní Ìdànrè, títí òjò yóò fi ṣú, tí yóò figbe ta pé kí àwa ọmọdé sáré wá ká ẹní. Mo dúró lójú kan. Mo wọ bàlúù láti Àkrà, mo kọjá lórí omi tí n kò rí òpin rẹ̀, mo dé São Tomé, àárín àwọn tí n kò gbọ́ èdè wọn, ẹsẹ̀ ìyá àgbà mi ni mo bá níbẹ̀.

Ọlọ́kadà tó gbé mi dé ibẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, torí ó ti ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì rí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún ìyá náà pé ọmọ olóko kòkó lèmi náà, pé kòkó ni bàbá àgbà mi fi tọ́ ọmọ mẹ́jọ. Ìyá náà kò tíì dá ẹsẹ̀ dúró. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ìyẹn sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní, ta ló ni kòkó tí bàbá yín àgbà ń ṣe?"

Mo ní òun ló ni ín.

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ilẹ̀ ìdílé wa ni. Ìgbà yẹn ni ìyá náà tó dúró. Ó gbójú sókè, ó wò mí dáadáa.

São Tomé ni mò ń wí. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ní kíkún ni São Tomé àti Príncipe, erékùṣù méjì tó wà nínú òkun kan náà tí à ń wò láti etíkun Èkó, ní ìwọ̀-oòrùn Gabon. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ wọn kò ju 1,001 kìlómítà níbùú lóròó. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí kò sí èyí tó kéré tó o nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 200,000. Ní gbogbo Áfíríkà, Seychelles nìkan ni èèyàn rẹ̀ kò tó tiwọn.

Mo ti ka gbogbo ìyẹn kí n tó lọ. Ohun tí n kò kà níbì kankan ni bí ilẹ̀ náà ṣe ń rí lójú. Òkè oníná ló gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, orí ìlà kan náà tí òkè Cameroon àti erékùṣù Bioko wà. Òkè rẹ̀ tó ga jù jẹ́ 2,024 mítà, lórí ilẹ̀ tí èèyàn lè fi mọ́tò yí apá púpọ̀ rẹ̀ po lójúmọ́ kan! Ní ìhà gúúsù ni Pico Cão Grande wà. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó dúró ṣánṣán láàrin igbó bí ọ̀wọ̀n tí ẹnì kan rì mọ́lẹ̀, ó lé ní 300 mítà láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ṣóńṣó orí. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, abẹ́ òkúta ni mo dàgbà sí, mo sì gbà pé kò sí òkúta tó lè bà mí lẹ́rù mọ́. Eléyìí bà mí lẹ́rù. Ìkùukùu bò ó, ó tún ṣí kúrò lára rẹ̀, mo sì gbọ́ tí mò ń dá sọ "Kábíyèsí" lẹ́nu ara mi.

Obô ni wọ́n ń pe igbó ńlá tó wà láàrin erékùṣù náà. Ọ̀rọ̀ Forro ni. Forro ni èdè tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé, Potogí sì ni ti ilé ìwé àti ti ìjọba. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, "igbó" ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. N kò ní sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, torí etí lè tan èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé nínú gbogbo èdè Áfíríkà tó wà lábẹ́ Forro, èdè Ẹdó àti àwọn ìbátan rẹ̀ wà lára èyí tó fìdí múlẹ̀ jù. Èyí jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ èdè yẹn, ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí ni wọ́n ti kó wọn.

Nítorí kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1470 ni àwọn atukọ̀ Potogí kàn án, wọ́n bá igbó, ẹyẹ àti òjò. Gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lónìí, àtọ̀húnrìnwá ni baba rẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Ní 1493, Ọba João Kejì já àwọn ọmọ kéékèèké gbà lọ́wọ́ àwọn òbí wọn tó jẹ́ Júù, ó kó wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ ní wọ́n tó 2,000. Láàrin ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Mo jókòó sí etíkun lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ronú nípa ọmọ ọdún mẹ́rin tó dúró sórí iyanrìn yẹn láìmọ ọ̀nà ilé. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́rin nílé. Mo dìde, mo lọ fi fóònù pè wọ́n.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹrú, láti ilẹ̀ Benin, láti Kóńgò, láti Àǹgólà. Ìrèké ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n gbìn. Ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn Òyìnbó ti kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n kó ẹrú rẹpẹtẹ lé ilẹ̀ kan, kí wọ́n fi wọ́n ṣe ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo fún títà sókè òkun. Ibẹ̀ ni Brazil ti rí i kọ́. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ní 1595, ẹrú kan tó ń jẹ́ Amador ní irọ́ ni. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú jọ, wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ ṣúgà, wọ́n pè é lọ́ba. Àwọn Potogí mú un, wọ́n sì pa á ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹrin oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni ìsinmi rẹ̀ lónìí, wọ́n sì ti ya ojú rẹ̀ sí owó wọn, dobra, rí. Kò sẹ́ni tó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí o, wọ́n kàn fi ọkàn yà á ni. Mo tọ́jú ọ̀kan sínú pọ́ọ̀sì mi títí di ìsinsìnyí.

Bí mo ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn yìí, kòkó gan-an ló wà lọ́kàn mi.

Láti Brazil ni wọ́n ti gbé kòkó dé Príncipe ní 1822. Ó gba ibẹ̀ dé São Tomé, ó sì gba àwọn erékùṣù òkun yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa. Nígbà tí yóò fi di 1908, kò sí ilẹ̀ kan láyé tó ń kó kòkó jáde tó São Tomé, ilẹ̀ bíńtín yẹn. Wọ́n ti fòpin sí ìmúnilẹ́rú lórí ìwé ní 1875. Lórí ìwé ni mo wí. Orúkọ tuntun ni wọ́n fún ẹrú, wọ́n pè wọ́n ní serviçais, òṣìṣẹ́ aládèéhùn. Àǹgólà ni wọ́n ti ń kó wọn, wọ́n á tẹ ìka sí ìwé tí wọn kò lè kà pé ọdún márùn-ún ni àwọn ń lọ lò. Ọdún márùn-ún á pé, ẹnikẹ́ni kò ní gbé wọn padà sílé. William Cadbury, tí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ra kòkó yẹn, rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Burtt lọ wò ó ní 1905. Òun fúnra rẹ̀ tún lọ ní 1908. Ní 1909, ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn kò ní ra kòkó São Tomé mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ọdún mélòó ló ti kọjá láàrin ìgbà tí etí ti kọ́kọ́ gbọ́ àti ìgbà tí ọwọ́ tó kúrò níbẹ̀? Gbogbo ọdún yẹn, ẹnì kan wà lábẹ́ igi kòkó.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́ láàrin ọdún wọ̀nyẹn kan náà? Àwọn bíi J. K. Coker ń dá oko kòkó ńláńlá sílẹ̀ ní Agége. Wọ́n ń lo alágbàṣe, tí wọ́n wá láti Ìbàdàn, láti Oǹdó, láti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ náà le, n kò fẹ́ ṣe é bíi pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí alágbàṣe Agége bá ṣe tán, ó ń gba ilé lọ, ó sì ń di kóró kòkó mọ́ ìdí aṣọ lọ. Ó dé ilé, ó gbìn ín sórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọ̀nà yẹn wà lára èyí tí kòkó gbà tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Alágbàṣe São Tomé kò rí ọ̀nà ilé, kò sì nílẹ̀ tí yóò gbin kóró sí.

Bàbá àgbà mi kò mọ ohunkóhun nípa São Tomé. Ó mọ gọ̀ǹgọ̀ rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí kòkó yóò lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí a tó sá a. Àwọn tó ń ra kòkó máa ń rẹ́ ẹ jẹ lórí òṣùwọ̀n, ó máa ń bínú, ó sì máa ń lọ tà á fún ẹlòmíràn. Èmi kò tíì rí i rí, kí n tó dé São Tomé, pé inú "ó ń lọ tà á fún ẹlòmíràn" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Pé ó lè bínú. Pé ó lè gbé kòkó rẹ̀ kúrò lórí òṣùwọ̀n.

Roça ni wọ́n ń pe àwọn oko ńlá ayé Potogí. Ìlú gidi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ilé ọ̀gá, ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tò gbọọrọ bíi búlọ́ọ̀kù ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ojú irin, ilé ìwòsàn. Èyí tí mo ti bá ìyá oníkòkó pàdé ni wọ́n ń pè ní Rio do Ouro tẹ́lẹ̀. Agostinho Neto ló ń jẹ́ báyìí, orúkọ Ààrẹ àkọ́kọ́ Àǹgólà. Ọ̀nà gbàgede kan gba àárín rẹ̀ lọ sókè, ní òpin rẹ̀ ni ilé ìwòsàn wà, ó tóbi bí ààfin. Àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti tán, àjà ti jìn, ewé ti wọlé. Àwọn ẹbí ń gbé inú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń sùn, aṣọ ọmọ ń fẹ́ lójú fèrèsé. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn tó tóbi tó báyẹn sínú oko. Ọlọ́kadà ní, "Òṣìṣẹ́ púpọ̀ ń ṣàìsàn." Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó ti gba òmìnira nígbà ayé ẹrú, àwọn ni wọ́n ń pè ní Forro bíi ti èdè náà, wọn kò jẹ́ ṣe iṣẹ́ roça. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ẹrú ni. Ní oṣù Èrèlé 1953, wọ́n gbọ́ pé Gómìnà Carlos Gorgulho fẹ́ fi tipátipá mú wọn ṣe é, wọ́n sì kọ̀. Àwọn èèyàn Gómìnà yìnbọn fún wọn, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n etíkun ní Fernão Dias. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú. Batepá ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìtìjú ẹni tí a bá fẹ́ sọ padà di ẹrú, mo rò pé òun ló bí òmìnira wọn, tí wọ́n gbà ní ọjọ́ 12 oṣù Agẹmọ 1975.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Ààrẹ wọn àkọ́kọ́, Manuel Pinto da Costa, gba gbogbo roça fún ìjọba. Àwọn Potogí ti ń sá lọ, wọ́n kó ìmọ̀ iṣẹ́ náà lọ. Ìjọba wá di ọ̀gá oko. Èmi kò bá a jà pé ó gbà á, ta ni ì bá fi í sílẹ̀? Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó ń yí kòkó lóòrùn kò rí ìyàtọ̀. Àná, ọ̀gá wà ní Líṣíbọ́n. Lónìí, ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì ní ìgboro. Kòkó kò sì jẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ìṣèlú wọn fi hàn mí bí ìlú kékeré ṣe ń rí. Miguel Trovoada ni olórí ìjọba àkọ́kọ́ lábẹ́ Pinto da Costa. Àárín wọn dàrú, wọ́n fi Trovoada sẹ́wọ̀n láti 1979 sí 1981, ó sá lọ sí Faransé. Nígbà tí wọ́n fàyè gba ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ ní 1990, ó padà wá, ó sì di Ààrẹ ní 1991. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 2011, àwọn ará ìlú tún dìbò fún Pinto da Costa. Patrice, ọmọ Trovoada, sì ti jẹ́ olórí ìjọba ju ìgbà kan lọ. Ààrẹ Carlos Vila Nova, tó gorí oyè ní 2021, ló yọ ọ́ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025. Ààrẹ wà, olórí ìjọba wà, aṣòfin 55 sì wà, gbogbo wọn ló mọ ilé ara wọn. Ẹni tó fi ọ́ sẹ́wọ̀n, ẹ ó jọ pàdé níbi òkú. Ìyẹn ń mú kí ọ̀pọ̀ ìjà parí láìsí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀: ní oṣù Bélú 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn kan kọlu bárékè, èèyàn mẹ́rin ló kú lọ́wọ́ àwọn ológun. Ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọra, ikú mẹ́rin wúwo níbẹ̀.

Àwa náà wà nínú ìtàn wọn. Oṣù Agẹmọ 2003, Ààrẹ Fradique de Menezes wà ní Abuja nígbà tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni, ó padà sórí àga, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ló sìn ín délé. Epo wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí n má parọ́. Ní 2001, Nàìjíríà àti São Tomé ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí apá òkun tó wà láàrin àwọn méjèèjì, pé ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún wa, 40 fún wọn. Owó àwọn ilé iṣẹ́ epo kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo ayé ń sọ pé wọn yóò di Kuwait. Chevron gbẹ́ kànga àkọ́kọ́ ní 2006, ohun tó bá níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń tà. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọjà gbọ́ orúkọ epo bí ẹni gbọ́ orúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà tó lọ sí òkè òkun tí kò kọ lẹ́tà mọ́. Mo rántí Ọlọ́ìbírí, mo rántí Ogóni, n kò mọ̀ bóyá kí n bá wọn kẹ́dùn tàbí kí n bá wọn dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì pa á mọ́nú.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Kòkó ṣì wà lára olórí ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ń kó jáde ní nǹkan bí 1908. Ìrẹsì, mọ́tò, símẹ́ńtì, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀pọ̀ owó iṣẹ́ ìjọba, ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ló wà. Dísù tí wọ́n fi ń tan iná, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rà á ní àwìn lọ́wọ́ Àǹgólà, iná sì ń lọ bí tiwa ṣe ń lọ. Wọ́n so dobra mọ́ owó yúrò láti 2010. Dobra 24 àti ààbọ̀ ni yúrò kan, kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ibi tí náírà ti ń yí lójoojúmọ́ wá, ojú ń kán mi sí ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn.

Ebi kò pa mí níbẹ̀ o. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní palaiê ló ń gbé ẹja kiri nínú agbada lórí, láti etíkun dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n se calulu fún mi, ẹja gbígbẹ, ilá, ewé oríṣiríṣi, epo pupa; ẹni tó bá dijú jẹ ẹ́ yóò béèrè iyán. Gbẹ̀rẹ̀fútù, tí mo rò pé Ifẹ̀ nìkan ló ni ín, ń já bọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n sun ún, wọ́n fi ẹja tì í. Bí ẹ bá sì ń kánjú, wọn yóò sọ fún yín pé leve-leve, ìyẹn jẹ́jẹ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́.

N kò dé Príncipe, owó mi kò tó o. Nǹkan bí 150 kìlómítà ni síhà àríwá, ó ń ṣàkóso ara rẹ̀ láti 1995. Ibẹ̀, ní oko kòkó tó ń jẹ́ Sundy, ni Arthur Eddington, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti ya àwòrán òòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó lójú ní 1919, tí wọ́n fi rí i pé òótọ́ ni Einstein sọ nípa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì ń sọ ọ́ dáadáa. Wọn kì í sọ ẹni tó gbé ẹrù àwọn ẹ̀rọ náà láàrin oko.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Láti Cape Verde ni wọ́n ti kó ìyá tó bí i wá ní ọmọge, pé kó wá ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí. Ó ní láti ọdún 1990 sókè ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín oko roça fún àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Ìjọba ló ṣì ni ilẹ̀, àmọ́ wọ́n fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n máa lò ó. Wọ́n ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọn kì í lo oògùn apakòkòrò sí kòkó wọn, àwọn ará Yúróòpù tó fẹ́ irú rẹ̀ sì ń san owó tó lé díẹ̀.

Ó kúrò lórí kòkó, ó ní kí n máa bọ̀. A gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, a sọ̀kalẹ̀ sínú oko. Igi kòkó àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ara wọn ti dúdú, wọ́n ga ju ti Ìdànrè lọ. Ó kọjá lára wọn láì wò wọ́n. Ó dé ibì kan, ó dúró ti kòkó kan tí kò tíì ju ejìká mi lọ, ó gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀.

Ọlọ́kadà ní, "Ó ní èyí, òun ló gbìn ín."

Ó tún lọ sídìí òmíràn. "Èyí náà." Ó lọ sídìí òmíràn.

A ka mọ́kànlélógójì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lójijì ìyá náà gbá orí mú, ó sáré, àwa náà sáré tẹ̀ lé e, a lọ kó kòkó.